Hóró Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀nà Tóóró Tí Ó Ńgbà

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Bí a bá kán an sí orí dígí pẹlẹbẹ, tí a sì fi awò tí ńsọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i pé omi inú rẹ̀ kò pupa rárá. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti èso ìyeyè tí a pò mọ́ omi púpọ̀. Ohun tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ni àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí ó kún inú omi náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ pínnì kékeré lọ, hóró wọ̀nyí tó 4,000,000 sí 5,000,000. Bí a bá sì gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ọkùnrin jọ, èyí tí í tó nǹkan bí líta 5, hóró nìkan ni ó gba ìdá 45 nínú 100 rẹ̀, tí ìyókù sì jẹ́ omi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí, nítorí ohun ìyanu ni. Ẹni tí ó ti po yẹ̀pẹ̀ mọ́ omi láti fi mọ ilé mọ̀ pé bí yẹ̀pẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi ní ìwọ̀n, ohun tí a pò ti di amọ̀. A lè fi mọ ògiri, ṣùgbọ́n a kò lè dà á gba inú ihò ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kún fún hóró bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ńṣàn láti ọkàn lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì ńpadà, lọ́sàn-án àti lóru, kò sì há. Ìdí rẹ̀ ni pé yẹ̀pẹ̀ le, ṣùgbọ́n hóró ẹ̀jẹ̀ rọ̀.

Hóró kan rí pẹlẹbẹ, ó sì rí roboto, bí ìgbà tí a mú àkàrà tí a sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín ní ojú méjèèjì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra wọn, nǹkan bí 125 ni yóò tó mìlímítà 1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì gbé e dé gbogbo ibi tí ara wà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó gbé ẹrù yìí dé ibi tí a ti nílò rẹ̀ kò fẹ̀ tó òun tìkára rẹ̀. Òmíràn nínú wọn kò ju ìdajì ìbú rẹ̀ lọ púpọ̀. Ọ̀nà tí ó tóóró jù lọ sì wà nínú ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tí í máa wú nígbà tí ibà bá ti pẹ́ lára ọmọdé. Asẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni a lè pe ẹ̀yà yìí. Àwọn ihò kan wà níbẹ̀ tí hóró gbọ́dọ̀ gbà kọjá, tí wọn kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ìbú hóró náà. Hóró tí ó bá rọ̀ yóò fún ara rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó bá ti gbó, tí awọ rẹ̀ sì ti le, yóò há síbẹ̀, a ó sì tú u palẹ̀. Bí hóró ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣe ńlo ayé rẹ̀ nìyí: nǹkan bí 120 ọjọ́, lẹ́yìn náà ó ńkùnà ní ẹnu asẹ́.

Báwo ni ohun tí ó tóbi ṣe ńgba ihò kékeré láìya? Ẹ lè dán an wò nínú ilé. Ẹ mú ọ̀rá kékeré méjì tí wọ́n dọ́gba. Ẹ rọ omi kún ọ̀kan títí yóò fi le dan-in-dan-in, kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀. Ẹ rọ omi sí èkejì kí ó kọjá ìdajì díẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kù sínú rẹ̀, kí ẹ sì so ẹnu òun náà. Ẹ wá fi ọwọ́ tì wọ́n gba inú agolo tí a ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. Èyí tí ó kún yóò há, bí ẹ bá sì tì í jù, yóò bẹ́. Èyí tí kò kún yóò ká ara rẹ̀ kò, yóò gùn, yóò sì yọ́ kọjá. Bí ó bá sì dé òdì kejì, yóò tún rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Àṣírí hóró ẹ̀jẹ̀ nìyí. Awọ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó dì sínú lọ: ó fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju awọ tí ìbá tó bí ó bá jẹ́ rogodo bí bọ́ọ̀lù. Awọ náà lè tẹ̀, ó lè ká, ó lè lọ́ra; ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kí ó fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ. Nítorí náà hóró tí ó bá mu omi yó títí ó fi di rogodo kò wúlò mọ́, bí ó tilẹ̀ dára lójú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa èyí kì í ṣe dókítà. Oníṣòwò aṣọ ni Antonie van Leeuwenhoek ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Holland. Kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ dígí lọ̀ ju ẹnikẹ́ni ní ìgbà ayé rẹ̀ lọ, awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì ńfi ohun tí ojú kò rí hàn án. Ní ọdún 1674 ó júwe hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a ńpè ní Royal Society ní London. Ní àkókò kan tí ara rẹ̀ kò yá, ó wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn hóró náà dàbí ohun tí ó le. Bí ara rẹ̀ ti ńbọ̀ sípò ni wọ́n ńrọ̀. Ó rò ó, ó sì sọ pé nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó yẹ kí hóró ẹ̀jẹ̀ rọ̀ kí ó lè tẹ̀ gba inú iṣan tóóró kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní 300 ọdún báyìí, kò sì tíì yẹ̀.

Nínú iṣan tí ó gbòòrò, ìrìn wọn yàtọ̀. Níbẹ̀ àyè wà, kò sí ìdí láti fún ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ó wù wọ́n ni wọ́n ńgbà. Ẹni tí ó bá ti tukọ̀ lòdì sí ìṣàn odò mọ̀ pé etí bèbè ni kí òun máa tọ̀, nítorí àárín odò ni omi ti ńsáré, tí ó sì ńfalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ rí nínú iṣan. Hóró tí ó bá súnmọ́ ògiri iṣan, ìhà kan ara rẹ̀ wà nínú omi tí ó yá, ìhà kejì sì wà nínú omi tí ó falẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun líle tí ó rí roboto, yóò kàn máa yí gbirigbiri ní ojú kan náà ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó rọ̀, omi fà á gùn, ó sì dẹ̀gbẹ́. Awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ katapílà tí ńla títì ti ńyí. Bí ó ti dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, omi tí ó há sí àárín rẹ̀ àti ògiri ńtì í díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bọ́ sí àárín ọ̀nà.

Èyí sì lérè. Nígbà tí hóró pupa bá kó ara wọn jọ sí àárín, omi nìkan ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ńṣiṣẹ́ bí òróró tí a fi pa ìdè kẹ̀kẹ́. Jean Poiseuille, oníṣègùn ará Faransé, rí omi mímọ́ yìí ní etí iṣan ọ̀pọ̀lọ́ ní nǹkan bí ọdún 1835. Ní ọdún 1931, Robin Fåhræus àti Torsten Lindqvist ní ilẹ̀ Sweden wọn ẹ̀jẹ̀ tí ńṣàn nínú ọ̀pá dígí tín-ín-rín, wọ́n sì rí i pé bí ọ̀pá náà bá ti kéré ju ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà lọ, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ńdàbí ohun tí ó túbọ̀ ńṣàn geere bí ọ̀nà rẹ̀ ti ńdín. Omi lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn hóró funfun, tí í bá àrùn jà, tóbi ju ti pupa lọ, wọ́n sì le jù wọ́n lọ. Nítorí náà àwọn pupa ńtì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ wọ́n, nítorí láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ńyọ jáde lọ sí ibi tí ẹ̀gún gún tàbí tí egbò wà.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà tí ó gbe hóró funfun sí ipò rẹ̀ ńṣe ibi nígbà tí hóró pupa bá le. Hóró pupa líle kì í lè dúró ní àárín. Àwọn tí ó rọ̀ a máa tì í sí ẹ̀gbẹ́, a máa ha ògiri iṣan, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá tún dé ojú ọ̀nà tóóró, ó há. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà, ibi tí wọ́n ńgbé afẹ́fẹ́ lọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ìrora. Ohun méjì ni ó ńsọ hóró rírọ̀ di líle jù lọ ní ilẹ̀ wa.

Èkínní ni ibà. Kòkòrò ibà tí ó burú jù, Plasmodium falciparum, ńwọ inú hóró pupa lọ, ó ńjẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ńbí síbẹ̀. Bí ó ti ńdàgbà ni hóró náà ńle, awọ rẹ̀ a sì yọ kókó wẹ́wẹ́ tí í fi lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan. Ó dàbí ẹni pé kòkòrò náà mọ ohun tí ó ńṣe, nítorí hóró tí ó bá lẹ̀ mọ́ ògiri kì yóò dé ẹnu asẹ́ níbi tí à bá ti mú un. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ọpọlọ, ọmọ a di aláìmọ ibi tí ó wà, gìrì a sì gbé e. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, kí a má sì ro àgbo sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè gbé mì. Iná àti àgbo kò lè tú hóró tí ó ti há sínú ọpọlọ.

Èkejì ni àrùn tí àwọn ènìyàn wa ńpè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ẹni tí ó ní in lè máa ké ní alẹ́ bí ẹni pé a ńfọ́ egungun rẹ̀, kí ó sì máa rìn ní ọ̀sẹ̀ kejì bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà ní ìlú Chicago, tẹ ìwé jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín, tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀ bí dòjé. Àrùn náà kì í ṣe ti Amẹ́ríkà: àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ó gbé e nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá òkun, tí ó fi wà ní Brazil, ní Cuba àti ní àwọn erékùṣù ibẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ó wà nínú hóró pupa, tí í gbé afẹ́fẹ́, ni a ńpè ní hemoglobin. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé ti alárùn yìí yàtọ̀. Kò sì pẹ́ tí Vernon Ingram, ní Cambridge, rí i pé ìyàtọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ, bí ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ 146 wà lórí okùn kan tí a sì fi òmíràn rọ́pò ìkẹfà. Níwọ̀n ìgbà tí hemoglobin náà bá gbé afẹ́fẹ́, kò sí wàhálà. Bí ó bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán, ẹyọ kan a so mọ́ èkejì, èkejì a so mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di ọ̀pá gígùn tí ó nà gbọnrangandan nínú awọ. Ọ̀rá tí ó kún fún omi tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rá tí ó kún fún ìgbálẹ̀. Bí hóró náà bá tètè padà sí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pá náà a tú, hóró a sì tún rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti le tí ó sì rọ̀ ní ìgbà púpọ̀, awọ rẹ̀ a bàjẹ́, a sì dúró bí dòjé. Dípò 120 ọjọ́, hóró bẹ́ẹ̀ kì í sábà lò ju 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ńwọ́n ọmọ náà, tí ẹyinjú rẹ̀ sì ńpọ́n bí ìyeyè.

Ṣíṣe ọ̀pá yìí gba àkókò díẹ̀, ìrètí sì wà níbẹ̀. Hóró tí ó bá yára kọjá ní ọ̀nà tóóró lè bọ́ kí ọ̀pá tó nà tán. Ohunkóhun tí ó bá fa ìdádúró, òun ni ó ńfa ìrora. Òtútù ọyẹ́ a máa fún iṣan pọ̀. Ibà àti àrùn mìíràn a máa mú kí hóró lẹ̀ mọ́ ògiri. Àìmu omi burú ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí hóró tí omi rẹ̀ dínkù, hemoglobin rẹ̀ a súnmọ́ra, ọ̀pá a sì tètè nà.

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ru àwọn ọlọ́gbọ́n lójú: kí ni ó dé tí ohun búburú yìí fi pọ̀ láàárín wa, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 ní Nàìjíríà ni ó ní ìdajì rẹ̀, èyí tí a ńpè ní AS? Anthony Allison fi hàn ní ọdún 1954 pé AS ńdáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ńpani. Ní ọdún 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ńṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rí ọ̀nà kan tí ó fi ńṣe é: hóró ẹni AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ ńtẹ̀ di dòjé ju àwọn tí kòkòrò kò wọ̀ lọ. Hóró náà a le, asẹ́ a sì mú un pẹ̀lú kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀. Líle tí ńpa ọmọ SS, òun kan náà ni ó ńgba AS là.

Ẹni AS kò ṣàìsàn, nítorí náà kò lè mọ̀ àfi bí a bá ṣe àyẹ̀wò. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ipa 1 nínú 4 láti jẹ́ SS. Àwọn kan ńṣi èyí gbọ́: wọ́n ńwí pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ńbẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun, a sì ti rí ilé tí SS jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra. Kí a má sì gbàgbé AC, tí ó wà láàárín àwa Yorùbá: AS àti AC lè bí ọmọ SC, tí ó ní àrùn yìí pẹ̀lú. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ńsọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹni jẹ́ O tàbí B. Ọ̀pọ̀ ìjọ ńbéèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó ti pẹ́ jù, nígbà tí a ti ra aṣọ tí ìfẹ́ sì ti jinlẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó ti mọ ti ara rẹ̀.

A kò ní ìwé tí a fi ka àwọn ọmọ tí a sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòkúmọ́, kí a lè mọ iye àwọn tí ó jẹ́ SS nínú wọn. Àwọn tí a kọ ara wọn ní abẹ kí wọn má bàa padà wá, àwọn tí ó ní ìka wíwú àti ojú pípọ́n wà láàárín wọn dájúdájú. Lónìí ọmọ SS lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì bímọ. Àmì àkọ́kọ́ a máa hàn lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, nígbà tí hemoglobin tí ọmọ gbé láti inú ìyá rẹ̀ bá ńtán: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a wú, ọmọ a sì máa ké bí a bá fọwọ́ kàn án. Asẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńbàjẹ́ láti kékeré, nítorí náà ara gbígbóná rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ńfi sílẹ̀ di ọ̀la. Dókítà a máa fún un ní folic acid, pẹnisílíìnì àti oògùn tí ńdènà ibà. Ọ̀pọ̀ ní a sì ńfún ní hydroxyurea, èyí tí ńmú kí hemoglobin ìgbà ọmọ ọwọ́ tún pọ̀ nínú hóró, tí ọ̀pá kò fi ní lè nà bí ó ti fẹ́. Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí a ńrà lọ́wọ́ oníkiri. Ó ńbéèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ohun kan kù. Kíndìnrín ọmọ SS, tí hóró líle ti bà jẹ́, kò lè fi omi pamọ́ bí ti ọmọ mìíràn. Yóò máa tọ̀ púpọ̀, òùngbẹ yóò sì máa gbẹ ẹ́. Bí ó bá tọrọ àyè láti jáde ní ìgbà mẹ́ta kí agogo tó lù, ẹ jẹ́ kí ó jáde, kí ìgò omi rẹ̀ sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sí orí ẹní ní ọmọ ọdún 10, kí a má ṣe nà án, kí a má sì fi omi dù ú ní alẹ́ kí ẹní lè gbẹ. Kí a jí i lẹ́ẹ̀kan ní òru láti tọ̀, kí a sì fún un ní omi mu kí ó tó padà sùn.